Ejìnrìn: èpò tí à ń fà tu láàárọ̀, tí à ń wá kiri nírọ̀lẹ́

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ro oko ẹ̀gẹ́ rí nígbà òjò mọ ejìnrìn. Kò sẹ́ni tó gbìn ín, kò sì sẹ́ni tó pè é. Ẹ ó kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ó rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti so mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gẹ́. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti gun un dé orí, ó ti da ewé bò ó, ó ti gba ibẹ̀ kọjá sórí àgbàdo tó wà nítòsí. Ọkọ́ kì í rí i gé dáadáa, nítorí ó ti lọ́ mọ́ ohun tí a fẹ́ fi sílẹ̀. Ọwọ́ la fi ń fà á. Ọwọ́ náà á sì máa rùn títí di alẹ́, òórùn kíkorò kan tí ọṣẹ kì í tètè bọ́.

Nílé wa, ìyá mi ni í fà á tu láàárọ̀, òun náà ni í tún rán wa lọ já ewé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí ara ọmọ kan bá gbóná, tàbí tí nǹkan bá sú sí ọmọ lára. A ó gbo ewé náà sínú omi, a ó sẹ́ ẹ, a ó fi wẹ ọmọ. Mi ò rí ẹnikẹ́ni kó sè é jẹ rí. Ìgbà tí mo dé London ni mo rí èso kan nínú ìsọ̀ àwọn ará Íńdíà ní Tooting. Ó gùn tó láti ọrùn-ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ àgbàlagbà, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Karela ni wọ́n kọ sí i. Mo gbé ọ̀kan sí imú. Òórùn oko ìyá mi ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣe àríyànjiyàn lórí ìtàkùn yìí. Àwọn kan ní karela kì í ṣe ejìnrìn, pé tiwa kéré jù. Àwọn kan ní oríṣi mélòó kan ló wà, pé ọ̀kan pàtó nínú wọn ló ń wo àtọ̀gbẹ. Àwọn kan ní kí a má da ara wa láàmú, pé èpò ni, kí a fà á tu kó parí. Ọ̀rọ̀ náà ti lọ́ mọ́ra wọn bí ìtàkùn fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa tú u díẹ̀díẹ̀.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Momordica charantia ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Linnaeus, ará Sweden tó sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewéko lórúkọ, ló fi orúkọ yìí sínú ìwé ní ọdún 1753. Inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "gé jẹ" ni Momordica ti wá, nítorí pé etí kóró rẹ̀ rí bí ohun tí eku ti gé jẹ. Ẹ wá kóró ejìnrìn kan tó ti gbẹ, ẹ gbé e sí ojú oòrùn: ẹ ó rí ojú eyín náà. Ìdílé kan náà ni òun àti ẹ̀gúsí, elégédé, kùkúḿbà, àti akèrègbè tí àwọn bàbá wa fi ń gba ẹmu.

Ewé rẹ̀ pín bí ìka ọwọ́, ìka márùn-ún sí méje, etí ewé sì rí ṣákaṣàka. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan ni okùn tín-ín-rín kan ti ń yọ, tó ń wá ohun tí yóò lọ́ mọ́. Okùn ti elégédé máa ń pẹ̀ka. Ti ejìnrìn kì í pẹ̀ka. Òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ewé òdòdó márùn-ún ló ní, ọjọ́ kan péré ló sì ń lò: ó là láàárọ̀, ó ti rọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Akọ àti abo ń yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìtàkùn kan náà. Kò ṣòro láti mọ abo, nítorí èso kékeré kan tó rí gbágungbàgun ti wà lẹ́yìn rẹ̀ kí òdòdó tó là rárá. Àwọn oyin àti kòkòrò mìíràn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara akọ lọ sí ara abo. Bí wọn kò bá débẹ̀, èso kékeré yẹn á pọ́n, á sì já bọ́.

Èso ejìnrìn inú oko wa kò tóbi. Sẹ̀ǹtímítà 3 sí 6 ni púpọ̀ nínú wọn, ó ṣóńṣó níhìn-ín, ó ṣóńṣó lọ́hùn-ún. Tútù ló kọ́kọ́ ń jẹ́, lẹ́yìn náà yóò pọ́n bí ọsàn tó ti gbó, yóò wá là sí mẹ́ta, awọ rẹ̀ yóò ká sẹ́yìn, ẹ ó sì rí kóró inú rẹ̀ tí nǹkan pupa rọ̀bọ̀tọ̀ kan bò. Ohun pupa yìí kì í korò, ó dùn. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń lá a, a ó tu kóró rẹ̀ dànù, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wa. Ohun tó sọ tòmátì di pupa náà ló sọ ọ́ di pupa.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í mú ni pé ejìnrìn ní àwọn ọmọ ìyá. Bí 60 irú Momordica ló wà láyé, Áfíríkà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Momordica foetida. Ewé tirẹ̀ kò pín sí ìka, bí àwòrán ọkàn ló rí. Òdòdó rẹ̀ funfun rẹ́súrẹ́sú. Ẹ̀gún rírọ̀ ló bo èso rẹ̀. Òórùn rẹ̀ sì burú ju ti ejìnrìn lọ, òórùn náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Òmíràn ni Momordica balsamina, tó fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbẹ bíi ti òkè ọya. Èyí jọ ejìnrìn gan-an, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ kò sì le bíi ti ejìnrìn. Lọ́dọ̀ àwọn eléwé, ẹ ó gbọ́ "ejìnrìn wẹ́ẹ́rẹ́", ẹ ó gbọ́ "ejìnrìn ńlá". Ẹ má fi orúkọ nìkan ra ewé. Ẹ ní kí wọ́n fi ewé tútù hàn yín, àti òdòdó tàbí èso rẹ̀ bó bá wà. Ewé gbígbẹ tí a ti rún kò ṣeé dá mọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ta ló sọ ọ́ di èpò?

Kò sí ewéko tí a bí ní èpò. Ohun tó hù níbi tí àgbẹ̀ kò fẹ́ ni èpò. Bí àgbàdo bá hù láàrin ẹ̀pà ẹni, tí kò jẹ́ kí ẹ̀pà rí oòrùn, àgbàdo náà ti di èpò lọ́jọ́ yẹn.

Ejìnrìn sì mọ bí a ṣe ń di èpò. Àwọn ẹyẹ ń jẹ ohun pupa tó dùn yẹn, wọ́n ń gbé kóró mì, wọ́n fò lọ, wọ́n sì yàgbẹ́ rẹ̀ sí ẹsẹ̀ igi tí wọ́n bà lé. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí i lábẹ́ wáyà, lẹ́bàá ọgbà, lórí ààtàn, àti nínú oko tí a fi sílẹ̀ kó sinmi. Kì í fi okun rẹ̀ ṣe igi. Igi ẹlòmíràn ló ń gùn lọ síbi oòrùn. Ní Brazil, ọ̀tá àwọn tó ń gbin ìrèké ni, torí ó ń so ìrèké pọ̀ mọ́ra títí tí ẹ̀rọ ìkórè kò fi ní rí ọ̀nà gbà. Ní Florida, orí igi ọsàn ló ń gùn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó gbin ẹ̀gúsí, kùkúḿbà àti bàrà yẹ kó mọ̀. Nígbà tí kò sí ẹ̀gúsí lóko, ejìnrìn ni àwọn kòkòrò àti àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀gúsí jẹ́ lè sá sí. Mọ̀lẹ́bí wọn ni, ara kan náà ni wọ́n ní. Nítorí náà, mi ò ní bá àgbẹ̀ tó ń fà á tu létí oko ẹ̀gúsí rẹ̀ jà láéláé. Ó tọ̀nà.

Ejìnrìn àti karela

Ọ̀kan náà ni wọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n jọra. Ewéko kan ṣoṣo ni. Ẹ rántí adìẹ ìbílẹ̀ àti adìẹ ágíríìkì. Ọ̀kan ń jẹko káàkiri, kò tóbi, ó lè sá fún àwòdì. Èkejì wà nínú àgò, ó tóbi, kò mọ ohun tí àwòdì ń jẹ́. Síbẹ̀, adìẹ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì lè gun ara wọn kí wọ́n yé ẹyin tí yóò pa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ejìnrìn àti karela: bí oyin bá gbé lẹ́búlẹ́bú ọ̀kan lọ sára èkejì, èso tó bá jáde á ní kóró tó lè hù.

Ohun tí kì í tètè wọ àwọn èèyàn létí ni ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Karela tí a ń rà lọ́wọ́ ará Íńdíà yẹn, ìdílé rẹ̀ ti ilẹ̀ wa lọ ni. Ìwádìí DNA tí Hanno Schaefer àti Susanne Renner gbé jáde ní ọdún 2010 fi hàn pé Áfíríkà ni ìdílé Momordica ti bẹ̀rẹ̀ kó tó ré òkun lọ sí Asia. Ṣùgbọ́n Asia ni wọ́n ti sọ ejìnrìn di ohun ọ̀gbìn. Kò ní idán kankan nínú. Àgbẹ̀ kan rí ìtàkùn tí èso rẹ̀ tóbi ju ti yòókù lọ, tí kíkorò rẹ̀ kò pọ̀ jù, ó tọ́jú kóró ìyẹn, ó gbìn ín. Ọmọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ìran ti kọjá, èso tó tó ìka ọmọdé ti di èso tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 tàbí 30. Bí àwa náà ṣe ṣe iṣu nìyẹn, tí a fi gbé e kúrò nínú igbó wá sínú ebè. A kàn ṣe ti iṣu, a kò ṣe ti ejìnrìn.

Kì í ṣe ńlá nìkan ni wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún o. Ní Hualien, ní apá ìlà oòrùn erékùṣù Taiwan, àwọn ẹ̀yà Amis ti ń jẹ ejìnrìn kékeré inú igbó tipẹ́, kíkorò rẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ràn. Èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí àgbẹ̀ ń tẹ́ pẹpẹ fún báyìí, tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ní Okinawa, ní gúúsù Japan, gōyā ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ ojoojúmọ́ sì ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba kò gbà kí wọ́n kó o lọ sí ìyókù Japan, torí eṣinṣin kan tó ń yé ẹyin sínú èso. Ohun tí wọ́n ṣe yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́: wọ́n sin eṣinṣin náà fúnra wọn, wọ́n fi ìtànṣán ṣe é kí àwọn akọ má lè mú abo bímọ mọ́, wọ́n sì ń tú wọn sílẹ̀ láìmọye. Àwọn abo ń gun wọn lásán. Ní 1993, eṣinṣin yẹn tán pátápátá ní Okinawa, gōyā sì rí ọ̀nà jáde. Ẹ wo gbogbo wàhálà tí ìlú kan ṣe nítorí ejìnrìn.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ kò gbàgbé rẹ̀. Wọ́n bá a lọ́hùn-ún, wọ́n dá a mọ̀. Ní Jamaica, cerasee lorúkọ rẹ̀, wọ́n ń se é mu bíi tíì, ẹ sì lè ra èyí tí wọ́n ti dì sínú àpò kékeré ní Brixton, ní London. Ní Cuba, cundeamor ni. Ní Brazil, melão-de-são-caetano ni wọ́n ń pè é ní títì, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa láàrin àwọn tó ń lo ewé nínú ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí mo mọ ohun tí àìmọ̀ rẹ̀ ti ṣe. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan da oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ nù fún oṣù mẹ́ta, omi ejìnrìn ló ń mu láàárọ̀ lálẹ́. Ara ń yá a, ó ní òun rí i pé ó ń yá. Egbò kékeré kan lẹ́sẹ̀ ni kò jinná, òun ló gbé e padà dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì gé ìka ẹsẹ̀ méjì.

Bí a bá jẹun, oúnjẹ á di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní ínsúlíìnì ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà náà kó lè wọ inú ẹran ara, kí ara fi ṣe agbára. Àwọn kan wà tí ara wọn kò ṣe ínsúlíìnì mọ́ rárá. Irú wọn kò lè fi ọjọ́ kan ṣeré pẹ̀lú abẹ́rẹ́ wọn. Èyí tó pọ̀ jù láàrin àwọn àgbàlagbà ni ti àwọn tí ara wọn ṣì ń ṣe ínsúlíìnì, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn kò tètè gbọ́ ọ mọ́. Ṣúgà á wá kún inú ẹ̀jẹ̀, á máa ba iṣan, ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora ní ìbẹ̀rẹ̀. Àìsí ìrora yìí ló ń tan èèyàn.

Ṣé nǹkan wà nínú ejìnrìn? Ó wà. Wọ́n ti rí àwọn èròjà kan nínú rẹ̀, ọ̀kan ń jẹ́ charantin, òmíràn jẹ́ purotéènì tó jọ ínsúlíìnì. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ láti Sydney àti Shanghai fi hàn pé èròjà mẹ́rin nínú ejìnrìn lè ta AMPK jí. Ohun kan ni AMPK nínú ara tó máa ń mú kí ṣúgà wọ inú ẹran ara láti ojú ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwọn bàbá wa kàn ń já ewé lásán kò sọ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ara eku àti inú ìgò àyẹ̀wò ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ti wáyé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan èèyàn, ó yàtọ̀. Ní 2012, ẹgbẹ́ Cochrane, tó máa ń kó gbogbo ìwádìí tó pójú owó lórí oògùn kan jọ kí wọ́n tó dájọ́, yẹ ejìnrìn wò. Ìwádìí mẹ́rin péré ni wọ́n rí, èèyàn 479 ló wà nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó ju oṣù mẹ́ta lọ. Wọn kò rí ẹ̀rí pé ejìnrìn dín ṣúgà kù ju oògùn òfìfo tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. Ìwádìí kan láti Thailand ní 2011 rí i pé àwọn tó lo mílígíráàmù 2000 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ìyípadà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti àwọn tó lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ ti ilé ìwòsàn.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi ń jẹ́rìí sí i? Mi ò pè wọ́n ní òpùrọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu àgbo kíkorò láàárọ̀ kì í sábà mu mínírà mọ́. Ó ti ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ. Ẹlòmíràn ń lo oògùn ilé ìwòsàn mọ́ ọn, ejìnrìn nìkan ló ń dárúkọ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì máa ń lọ sókè sódò lójúmọ́. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan kò tíì mọ nǹkan kan. Àwọn àgbà ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Mo fẹ́ràn òwe yìí, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí a bá gbé e ka àtọ̀gbẹ, kò sí ọjọ́ tí ewé yóò jẹ̀bi. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó fi ewé kan kún un. Ara aláìsàn ló ń san gbèsè rẹ̀.

Ìṣòro ìwọ̀n náà tún wà. Ife kan omi ejìnrìn kì í ṣe ìwọ̀n. Ewé tó gbó yàtọ̀ sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ewé yàtọ̀ sí èso, èso tútù yàtọ̀ sí èyí tó ti pọ́n. Metformin mílígíráàmù 500, ìwọ̀n yẹn náà ni ní Ìbàdàn, òun náà ni ní Sókótó.

Inú ewé ni ìtàn metformin fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Yúróòpù, ewéko kan wà tí ń jẹ́ Galega officinalis, tí àwọn ará àtijọ́ ń lò fún ẹni tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Ní Amẹ́ríkà, èpò búburú tí òfin kò fẹ́ ni. Èròjà inú rẹ̀ ń dín ṣúgà kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ara. Àwọn oníkẹ́míkà wá ṣe ohun tó jọ ọ́ tí kò ní oró bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ ṣe metformin ní 1922, dókítà Faransé kan, Jean Sterne, sì gbé bó ṣe ń tọ́jú àtọ̀gbẹ jáde ní 1957. Èpò ni, ìwádìí ló sọ ọ́ di oògùn. Ejìnrìn kò tíì parí ìrìn yẹn.

Ti pé ó ń wo kògbóògùn HIV àti jẹjẹrẹ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Purotéènì kan wà nínú kóró rẹ̀, MAP30, tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì nínú ìgò àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń pa fáírọ́ọ̀sì nínú ìgò, ọṣẹ náà ń pa á.

Ẹni tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn án

Aboyún kò gbọ́dọ̀ mu àgbo ejìnrìn, kódà ẹni tó ń wá oyún lọ́wọ́. Àwọn èròjà inú kóró àti èso rẹ̀ ti ṣẹ́ oyún lára ẹranko, àwọn ìyá wa àtijọ́ náà sì mọ̀ pé ó lè ba oyún jẹ́.

Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ mu ún. Wíwẹ̀ yàtọ̀, mímu yàtọ̀. Wọ́n ti rí àwọn ọmọ tí ṣúgà ara wọn já wálẹ̀ lójijì lẹ́yìn tí wọ́n mu ún, tí gìrì mú wọn, tí wọn kò sì mọ nǹkan kan mọ́.

Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ bó bá ń jẹ ẹ́ tàbí bó bá ń mu ún, nítorí méjì lè pọ̀ jù. Bí ẹnìkan bá ń làágùn tútù, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere lẹ́yìn tó mu ún, ẹ fún un ní ohun tó dùn kíákíá bó bá ṣì lè gbé e mì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Èyí tí a kì í sọ ni ti G6PD. Èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ ni, àwọn kan ni kì í ní i tó láti inú ìyá wọn wá. Láàrin àwa Yorùbá, ó tó bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún. Kóró ejìnrìn ní èròjà kan tí ń jẹ́ vicine, tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa fọ́. Ojú á pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ á dúdú. Nítorí náà, ta ni kó jẹ kóró? Kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ohun pupa tí àwa ọmọdé ń lá kò ṣe wá ní nǹkan, nítorí a ń tu kóró dànù.

Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́

Gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ, níwọ̀nba, mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì wù mí kí a máa jẹ ẹ́. Èso tútù gíráàmù 100 ní mílígíráàmù 84 fítámì C nínú, ọsàn kò tó 60. Iná á dín in kù, kò ní pa gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fọ ewúro ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹ mú èso tó tutù, tó le, tí kò tíì pọ́n rárá. Ẹ là á ní gígùn, ẹ fi ṣíbí ha kóró àti ohun funfun inú rẹ̀ kúrò. Ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Omi kíkorò á jáde lára rẹ̀. Ẹ fún un, ẹ ṣan án. Ẹ dá òróró sórí iná, ẹ da àlùbọ́sà àti ata sí i, ẹ da ejìnrìn lé e, kí ẹ sì fọ́ ẹyin sórí rẹ̀ nígbà tó bá ti rọ̀ díẹ̀. Àwọn ará Okinawa máa ń fi ẹyin àti ẹ̀wà sóyà tó dì bíi wàrà sí i. Èmi máa ń fi ẹja gbígbẹ sí tèmi, mo sì máa ń fi jẹ iṣu. Ó máa ń korò díẹ̀ síbẹ̀, kíkorò náà ni adùn rẹ̀. Kékeré inú oko wa ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó korò jù ú lọ, ẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará Philippines máa ń fi orí ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sínú ọbẹ̀ ẹ̀wà kékeré aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń jẹ, bí a ṣe ń fi ẹ̀fọ́ sínú ọbẹ̀.

Láti gbìn ín, èèpo kóró rẹ̀ le. Ẹ fi ọ̀bẹ ha etí rẹ̀ díẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. Á hù láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ibi tí oòrùn ń dé ni kó wà, kó jìnnà sí ẹ̀gúsí, kí ẹ sì fún un ní ọ̀pá tàbí okùn tí yóò gùn, torí bí ẹ kò bá fún un, yóò wá tirẹ̀ lára igi ẹlòmíràn. Bí oṣù méjì, ẹ ó máa rí èso. Láti ìgbà tí òdòdó abo bá ti là, ẹ ka ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ já a nígbà tó ṣì tutù. Ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì sílẹ̀ kó pọ́n. Kó tó là, ẹ gba kóró inú rẹ̀, ẹ fọ ohun pupa kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sá a sí ibòji títí yóò fi gbẹ. Òun lẹ ó gbìn bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀.